Ta ló yẹ kó sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n gbójú kúrò lára ẹ̀rọ?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Àdàtán, Abẹ́òkúta:

Ẹ̀yin tíṣà tó wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Láti ìgbà tí ilé-ìwé ọmọ mi ti gbé bọ́ọ̀dù oníná wọ kíláàsì, tí wọ́n sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa mú tábílẹ́ẹ̀tì wá, ṣe ló máa ń fọwọ́ ra ojú wálé. JSS 2 ló wà. Aago méjì ni wọ́n ń jáde. Tó bá di aago mẹ́rin, á tún jókòó síwájú fóònù mi fún lẹ́sìn orí Zoom. Mo bẹ tíṣà wọn pé kó máa jẹ́ kí wọ́n gbójú sókè díẹ̀ láàrin ẹ̀kọ́. Ó ní sílábọ́ọ̀sì ò ní parí, pé bíréèkì aago mọ́kànlá ti tó wọn. Ṣé àṣejù ni mò ń ṣe, àbí ó yẹ kí ìsinmi ojú wà nínú ẹ̀kọ́ gan-an?

* * *

Ìyá wa, ẹ ò ṣàṣejù. Báọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ nílé-ìwé girama kan níbí, mo sì ń ṣe lẹ́sìn orí íntánẹ́ẹ̀tì nírọ̀lẹ́ àti ní ọjọ́ Sátidé, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Bíréèkì aago mọ́kànlá, ti ikùn nìyẹn. Ọmọ tó ti tẹjú mọ́ bọ́ọ̀dù láti aago mẹ́jọ, ojú rẹ̀ ti gbẹ kó tó gbọ́ aago bíréèkì.

Iṣan kékeré kan wà nínú ẹyinjú tó yí dígí inú ojú ká bí òrùka ṣe ń yí ìka ká. Tí a bá ń wo ohun tó sún mọ́ wa, iṣan yẹn á fún pọ̀ kí dígí lè nípọn. Tí a bá wo ọ̀ọ́kán, á dẹ̀. Ẹ di ọwọ́ yín ní ẹ̀ṣẹ́ fún wákàtí kan, kí ẹ wá sọ bó ṣe rí lára yín. Ohun tí iṣan ojú ọmọ yín ń ṣe níwájú tábílẹ́ẹ̀tì nìyẹn.

Ti ṣíṣẹ́jú tún wà níbẹ̀. Èèyàn máa ń ṣẹ́jú tó ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ló ń fi omi ra ojú. Níwájú ẹ̀rọ, ó lè wálẹ̀ sí 5 sí 7. (Èdè wa fúnra rẹ̀ ti so àkókò mọ́ ojú: inú kí èèyàn ṣẹ́jú ni ìṣẹ́jú ti wá.) Ní táàmù tó kọjá, mo ní kí àwọn ọmọ SS 1 jókòó ní méjì-méjì. Ọ̀kan á máa kàwé lórí fóònù, èkejì á máa ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú, èmi á máa wo aago. Ọmọkùnrin kan ṣẹ́jú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ní odidi ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí wọ́n pa fóònù tì, tí mo ní kí wọ́n máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, ṣíṣẹ́jú wá yá débi pé ẹni tó ń kà á ń ṣì í kà. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í bẹ̀ wọ́n mọ́ kí wọ́n tó gbójú sókè.

* * *

Ẹni tó kọ tẹ̀lé mi ní òfin ti wà fún un: lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, kí a wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20 fún ìṣẹ́jú àáyá 20. Ó ní kí tíṣà ṣáà tẹ̀ lé e, kí gbogbo rẹ̀ tán síbẹ̀.

Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ torí pé ó rọrùn láti rántí. Ìdí tí dókítà ojú kan ní Amẹ́ríkà, Jeffrey Anshel, fi gbé e kalẹ̀ lọ́nà yẹn ní àwọn ọdún 1990 náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìrántí ló wà fún, kì í ṣe òdiwọ̀n tí a gbọ́dọ̀ fi rúlà wọ̀n. Ẹni kan ṣoṣo tó jókòó ní ọ́fíìsì lè fi ìṣẹ́jú àáyá 20 wo ìta. Kíláàsì ọmọ 35 ńkọ́? Kí ẹni tó wà lẹ́yìn tó gbọ́ ohun tí mo wí, 20 ti pé.

Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé, nínú pírííọ̀dù ìṣẹ́jú 40, mo máa ń dúró ní ìṣẹ́jú 15, mo tún dúró ní ìṣẹ́jú 30, ìṣẹ́jú méjì-méjì. Ẹsẹ̀ bàtà 20, bíi mítà 6, gùn ju inú kíláàsì mìíràn lọ fún ẹni tó jókòó níwájú, nítorí náà fèrèsé la máa ń lọ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kíláàsì wa, a sì ń rí Olúmọ látibẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n wá àwọn tó ń gun àpáta, kí wọ́n sọ àwọ̀ aṣọ ẹni tó wà lókè jù. Ariwo díẹ̀ á wà: “Pupa ni!” “Irọ́, ọsàn ni!” Ojú wọn ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀ọ́kán láìmọ̀. Ọjọ́ tí ìkùukùu bá bo àpáta, a máa ń ka òrùlé tó ti dípẹtà títí a ó fi ṣìnà.

* * *

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí sílábọ́ọ̀sì, torí pé tíṣà mẹ́ta ti sọ ohun kan náà: “Ìṣẹ́jú mẹ́rin nínú 40, ìdá kan nínú mẹ́wàá ẹ̀kọ́ mi ti lọ nìyẹn.”

Ẹ̀yin ará, mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀rù yín, torí pé èmi náà ń kọ lẹ́sìn nóòtì, ọ̀gá ilé-ìwé sì ń fọwọ́ sí i. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ yín ni pé ẹ ka ìsinmi ojú sí ìsinmi ẹ̀kọ́. Ohun tí ọmọ ń sinmi lọ́wọ́ rẹ̀ ni iná tó ń tàn sí i lójú. Ẹ̀kọ́ ò dúró.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Tí mo bá ń kọ́ ọkàn àti bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ yí ara ká, mo ní àwòrán tó dára gan-an lórí bọ́ọ̀dù oníná, ó ń mì, ó ń pa àwọ̀ dà. Ìṣẹ́jú 15 ni mo máa ń fún un. Lẹ́yìn náà mo pa bọ́ọ̀dù, igun mẹ́rin kíláàsì á di yàrá mẹ́rin inú ọkàn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta á di ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ọmọ ni ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á wọlé láti apá ọ̀tún lókè, wọ́n á bọ́ sísàlẹ̀, wọ́n á jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ gba atẹ́gùn, wọ́n á padà wọ apá òsì. Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà tí kò yẹ, gbogbo kíláàsì á pariwo lé e lórí. Ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nígbà tí mo bi wọ́n lọ́sẹ̀ kejì, àwọn tó rìn ín kò ṣi apá ọ̀tún mú fún òsì. Ọdún tó ṣáájú, tí mo fi gbogbo 40 sórí bọ́ọ̀dù, ṣe ni mo tún ẹ̀kọ́ yẹn kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Pírííọ̀dù odidi kan lọ sí i. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin wé e.

Ibi tó yẹ kó wà ni inú lẹ́sìn nóòtì, pẹ̀lú àkókò rẹ̀, bí a ṣe ń kọ “ìgbésẹ̀ kìíní, ìgbésẹ̀ kejì”. Tí a bá fi sílẹ̀ fún “tí àyè bá yọ”, àyè kì í yọ.

* * *

Àwọn tó ń múra ọmọ sílẹ̀ fún JAMB gbóná sí mi díẹ̀. Wọ́n ní inú gbọ̀ngàn ìdánwò, kò sí fèrèsé, kò sí Olúmọ. Ìbéèrè 180 láàrin wákàtí 2, ojú kọ̀ǹpútà ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin, nítorí náà kí ọmọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fara dà á.

Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí wọ́n gbìyànjú odidi wákàtí 2 ní ẹ̀ẹ̀mélòó kan kí ọjọ́ tó pé. Ṣùgbọ́n ìdánwò yàtọ̀ sí kíkọ́. Ẹni tó ń múra fún eré sísá kì í sá odidi eré náà lójoojúmọ́ oṣù mẹ́fà.

Inú ìdánwò gan-an, ẹ kọ́ wọn ní èyí: lẹ́yìn ìbéèrè 20 kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n di ojú fún ìṣẹ́jú àáyá 5. Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án nìyẹn, àpapọ̀ rẹ̀ 45. Ìbéèrè kan ní ìṣẹ́jú àáyá 40. Nítorí náà, ohun tí wọ́n máa san kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìbéèrè kan lọ, wọ́n á sì fi ojú tó mọ́lẹ̀ ka èyí tó kù. Kí wọ́n di ojú ni o, tàbí kí wọ́n wo òkè àjà. Kí wọ́n má ṣe wo ẹ̀gbẹ́, kí àwọn tó ń ṣọ́ ìdánwò má baà rò pé wọ́n ń jí ìdáhùn wò.

* * *

Ìdáhùn kúkúrú fún ẹni tó ní òun ń fún àwọn ọmọ SS 2 ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n wọ́n kàn ń yọ fóònù tiwọn wo TikTok ni: ìyẹn kì í ṣe ìsinmi rárá. Ojú kúrò lára iná ńlá, ó bọ́ sára iná kékeré tó tún sún mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fún wọn ní nǹkan tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ máa ṣe. Ìsinmi tí kò ní iṣẹ́ nínú, fóònù ló máa gbà á.

* * *

Ẹnì kan tó ní nọ́sìrì ní Lafẹ́nwá béèrè nípa àwọn kéékèèké. Tiwọn le ju ti girama lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2019 pé kí ọmọ ọdún 2 sí 4 má lò ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́ ní ìjókòó níwájú ẹ̀rọ, pé bó bá tiẹ̀ kéré sí i, ó sàn jù. Tí ọmọ bá ti wo àwòrán tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ pa á, kí ẹ bá wọn ṣe bojúbojú. Mi ò rí eré mìíràn tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bojú ti di ojú rẹ̀, àwọn tó kù ti sá lọ sí ọ̀nà jíjìn, wíwá wọn sì di wíwo ọ̀ọ́kán. Àwọn ìyá wa àgbà kò ṣe é nítorí tẹlifísàn, ṣùgbọ́n ó wúlò fún un.

* * *

Awò ojú tó ń dènà iná aláwọ̀ búlúù, àwọn èèyàn mẹ́rin ti dárúkọ rẹ̀ báyìí, ọ̀kan sì fi àwòrán èyí tó rà ní Kútọ̀ hàn wá. Ó ní tí ilé-ìwé bá lè ra ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kò sídìí fún ìsinmi kankan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má náwó yẹn síbẹ̀. Àgbéyẹ̀wò tí Cochrane, àjọ tó ń yẹ ìwádìí ìṣègùn wò, gbé jáde ní 2023 kó ìwádìí 17 jọ lórí àwọn awò yẹn, ó sì fi hàn pé ó jọ pé wọn ò dín rírẹ̀ ojú kù ju awò lásán lọ, ó kéré tán láàrin àkókò díẹ̀. Ẹ wo ohun tí a ti sọ: iṣan tó fún pọ̀, ojú tí kò ṣẹ́. Èwo ni awò búlúù fẹ́ ṣe nípa wọn?

Awò tí dókítà kọ nítorí pé ọmọ ò ríran, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ìyá Àdàtán, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: tí ọmọ yín bá ń di ojú kékeré kó tó lè ka bọ́ọ̀dù, tàbí tí orí ń fọ́ ọ léraléra, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Ìsinmi ò lè ṣe iṣẹ́ awò. Ẹ má sì ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kàn dábàá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Àwọn kan ní èròjà sítẹ́rọ́ọ̀dù tó lè mú kí ìfúnpá inú ẹyinjú lọ sókè.

* * *

Mo fẹ́ sọ ti Zoom, torí pé lẹ́sìn aago mẹ́rin ni mo rò pé ó ń pa ojú ọmọ náà lára jù.

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa kan tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Kánádà ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀fẹ́ ni mo ń lo Zoom, ìyẹn sì máa ń já tó bá ti di ìṣẹ́jú 40. Àwọn tíṣà míì máa ń ráhùn nípa rẹ̀, kíá ni wọ́n á tún tẹ líǹkì mìíràn ránṣẹ́. Èmi kì í tẹ̀ ẹ́ kíá. Mo ti sọ fún àwọn òbí pé tó bá já, ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi ń padà, kí ọmọ lọ mu omi, kó lọ wo ìta.

Kó tó já, mo ti rán wọn níṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. “Ẹ lọ kíṣìnì, ẹ bá mi mú ìgbákọ wá.” “Ẹ lọ wo fèrèsé, kí ni ẹ rí tó jẹ́ àwọ̀ ewé?” Ìgbà kan, ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún méje, sáré lọ, ó gbé ṣíbí ńlá wá. Mo ní ṣíbí nìyẹn o. Ó tún sáré lọ. Nígbà tó máa padà dé, ìyá rẹ̀ àgbà ló tẹ̀ lé e, tó gbé orógùn dání lọ́wọ́ kan, ìgbákọ lọ́wọ́ kejì, wọ́n ní, “Tíṣà, èmi ni kí ẹ bi.” Wọ́n dúró síwájú fóònù, wọ́n fi hàn wá bí wọ́n ṣe ń fi ìgbákọ bu láfún sínú abọ́ kó má baà lẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọ yòókù ti dìde kúrò lórí àga wọn, wọ́n ń fọwọ́ bù ú nínú afẹ́fẹ́. Mi ò tíì rí ọmọ kan nínú wọn tó gbàgbé ìgbákọ.

Fún ọmọ tó ń fi fóònù kékeré kẹ́kọ̀ọ́: ẹ má jẹ́ kó gbé e lọ́wọ́. Ẹ fi ìwé ti fóònù lẹ́yìn lórí tábìlì, kó jìnnà tó gígùn apá kan. Tí ẹ bá lè so ó mọ́ tẹlifísàn, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà ìsinmi, kí gbogbo ọmọ pa fídíò; ojú sinmi, dátà náà sinmi.

* * *

Bàbá kan tó pe ara wọn ní tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní, “Àtùpà la fi kàwé ní ayé wa, ojú wa ò fọ́. Ìwé náà kò ha sún mọ́ ojú ni?”

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Òótọ́ lẹ sọ, ìwé náà sún mọ́ ojú, iṣan yẹn ò sì mọ̀ bóyá bébà ni tàbí gíláàsì. Ìlú tiwa yìí ni wọ́n ti tẹ Ìwé Ìròyìn àjíyìnrere Henry Townsend jáde ní 1859, ó ti pẹ́ tí ará Abẹ́òkúta ti ń tẹjú mọ́ lẹ́tà kéékèèké. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ẹ máa ń ṣe tí ẹ bá pa ìwé dé. Ẹ̀ ń lọ odò, ẹ̀ ń lọ oko, ẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù nínú oòrùn. Ọmọ òde òní pa tábílẹ́ẹ̀tì, ó gbé fóònù.

Oòrùn ìta yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí a ò mọ̀. Ní Táíwàn, láti 2010 ni wọ́n ti ní kí àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa mú ọmọ jáde síta tó ìṣẹ́jú 120 lójúmọ́. Kó tó dìgbà náà, iye ọmọ tí kò ríran dáadáa ń lọ sókè ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ń wálẹ̀: 49.4 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2012, 46.1 ní 2015. Ìsinmi ìṣẹ́jú méjì nínú kíláàsì ń tu ojú lára lónìí. Ìta gbangba ló ń dáàbò bo ojú ọmọ títí lọ. A nílò méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀kan pààrọ̀ èkejì fún yín.

* * *

Ẹnì kan béèrè bóyá tíṣà fúnra rẹ̀ nílò ìsinmi yìí. Ó nílò rẹ̀ gan-an. Ní 2020, nígbà tí Kòrónà ti ilé-ìwé pa, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn gbé kíláàsì wá sórí OGTV, tẹlifísàn ìpínlẹ̀ náà, èmi gbé tèmi sórí fóònù. Wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, mi ò gbójú. Alẹ́ ọjọ́ kan mo jáde sí títì ní Pánṣẹ́kẹ́, gbogbo iná ọkọ̀ ní òrùka yí i ká, mi ò lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó dúró níwájú mi. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Dókítà tó yẹ̀ mí wò ní ojú mi ti gbẹ ni. Ó bi mí wákàtí tí mò ń lò, ó bi mí ibi tí fáànù wà nínú yàrá. Iwájú mi ni fáànù wà, ó ń fẹ́ sí mi lójú tààrà.

Ẹ wo ibi tí fáànù kíláàsì dojú kọ, nígbà ọyẹ́ pàápàá, tí atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ti gbẹ. Láti oṣù Kejìlá títí di Èrèlé, ìsinmi mẹ́ta ni mò ń fún àwọn ọmọ mi dípò méjì, mo sì máa ń jẹ́ kí wọ́n gbé ike omi sórí tábìlì. Tí iná bá sì lọ nírọ̀lẹ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa wo fóònù nínú òkùnkùn biribiri. Ẹ tan nǹkan míì sínú yàrá, kí fóònù má dá tàn.

* * *

Ìyá Àdàtán ti padà wá. Wọ́n ní ìpàdé òbí àti tíṣà máa wáyé ní Ọjọ́bọ̀, pé kí n sọ ohun tí àwọn máa wí, kí ó má dà bí ìjà.

Ìyá wa, ẹ má sọ pé kí wọ́n “fún àwọn ọmọ ní ìsinmi”. Ọ̀rọ̀ yẹn ni tíṣà ń gbọ́ bí ìgbà tí ẹ ní kó má ṣiṣẹ́. Ẹ béèrè pé kí wọ́n kọ ìṣẹ́jú méjì-méjì tí bọ́ọ̀dù máa fi wà ní pípa sínú lẹ́sìn nóòtì, kí wọ́n sì kọ ohun tí ọmọ máa fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ṣe nígbà náà. Ẹ ní kí wọ́n fi iṣẹ́ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí purinsípà bá ní ta ló ń ṣe irú ẹ̀ láyé, ẹ sọ fún wọn pé ní 2018, Ṣáínà ní kí ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ kọ́ má kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò ẹ̀kọ́, wọ́n sì mọ ẹ̀rọ ṣe jù wá lọ.

Nílé, láàrin aago méjì sí mẹ́rin, kó máà sí ẹ̀rọ kankan. Kó jẹun, kó jáde síta.

Tí tíṣà náà bá fẹ́ wo nóòtì tèmi lórí ọkàn, èyí tí a fi igun kíláàsì ṣe, ẹ ní kó kọ̀wé sí mi níbí. Màá fi ránṣẹ́ sí i kí Ọjọ́bọ̀ tó pé.